ÒGIRI TÍ Ó LANU NÍ ṢÀNGÓ-Ọ̀TÀ

"Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. À ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹbí, à ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbà ìbò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń fà yọ nínú rẹ̀, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ọ̀tá: pé bí inú ilé bá tòrò, ará ìta kò ní ríbi gbà wọlé. Gbogbo wa ni a mọ ìwà aláǹgbá dáadáa. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ó ti bi ògiri léèrè rí pé kí ni ó dé tí ó fi lanu? Fún bí ọdún méjì báyìí, èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè lásán, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa tú gbólóhùn palẹ̀ lọ, ni mo wà nídìí ìbéèrè náà, nítorí pé ògiri ilé bàbá mi lanu ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ìyá àgbà mi sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ojú títì àtijọ́ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta kò lè ṣàì kọjá ní Ṣàngó. Ọ̀tà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé: ìlú àwọn Àwórì ni, Ọlọ́tà ni ó ń jọba níbẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ràn ìran wíwò kò sì ní ṣàì mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ṣàngó ni ọkọ̀ gbé ń pàdé ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìdírókò ti yà kúrò lára ọ̀nà Abẹ́òkúta. Níwájú lọ́hùn-ún ni Ewékorò wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960; àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà náà ń kó ẹrù jáde, wọ́n ń kó ẹrù wọlé; tìrélà kì í sì í dá lójú ọ̀nà náà tọ̀sán tòru. Wọ́n ti pa ibodè tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà rẹ́ ní ọdún 2004, síbẹ̀ àwọn agbèrò ṣì ń ké "Tóògéètì!" títí di òní olónìí. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ti rí. A máa pẹ́ láyé ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ.

Ilé wa kò jìnnà sí ojú ọ̀nà yìí. Bí tìrélà tí ó ru ẹrù bá já sínú kòtò, ife orí tábìlì wa a máa dún. Nítorí náà, nígbà tí ògiri sán, kò sí ẹni tí ó wá ọ̀daràn lọ sí ọ̀nà jíjìn. "Tìrélà ni," àwọn ayálégbé wí bẹ́ẹ̀. "Tìrélà ni," ìyá olóúnjẹ tí ó wà níwájú ilé wí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tí iṣẹ́ gbé lọ sí òkè ọya wí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù láì tilẹ̀ tíì rí i. A ti dá ẹjọ́ kí a tó pe ẹlẹ́rìí kankan.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ilé náà. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì là wọ́n láàárín. Bàbá mi kọ́ ọ parí ní 1993. Ní 2006, lẹ́yìn tí bàbá àgbà mi kú, ó fi yàrá méjì àti ilé ìdáná kún un lẹ́yìn, kí ìyá rẹ̀ lè wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Lára ògiri yàrá Ìyá àgbà yìí ni mo ti rí i nígbà tí mo dé fún ọdún Kérésìmesì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè fèrèsé, ó dagun lọ sókè bí àtẹ̀gùn, ó ń tẹ̀lé ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù kan ti pàdé èkejì, títí ó fi dé abẹ́ òrùlé. Òmíràn tún wà níbi tí ilé tuntun ti fara kan ti àtijọ́. Ìyẹn dúró ṣánṣán láti òkè dé ilẹ̀, ó sì fẹ̀ lókè débi pé ìka ọwọ́ mi tí ó kéré jù wọ inú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó ń bá wa gba owó ilé. Òun ni ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yàrá kejì tí ó wà lẹ́yìn ṣófo nígbà náà, ẹnìkan sì ti ṣèlérí láti san owó ọdún kan sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó ní kí a pe ọmọ bíríkìlà kan kí ó rẹ́ ẹ, kí a kùn ún ní ọ̀dà funfun, kí ọ̀rọ̀ parí. Ọkùnrin kan tún wá yẹ ilé náà wò, tí ó ní òun mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ó fi ní kí a wó gbogbo apá ẹ̀yìn dànù, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, òun yóò sì bá wa ṣe é. Ní ti Ìyá àgbà, ó ní ilé tí ọmọ òun kọ́ fún òun ni, òun kò sì kúrò níbẹ̀ lọ sí ibì kankan àfi ibi tí gbogbo àgbà ń lọ.

Mo mọ̀ pé èrò Bàbá Kékeré ni yóò borí, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Mo bi í léèrè pé, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ó ń bọ̀ wá sùn lábẹ́ ògiri náà ńkọ́? Ṣé ẹ ó sọ fún un kí ó tó sanwó?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwé ni ò ń kà. O ò tíì gbowó ilé rí." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìta-Fájì kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta-Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ogún ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba ti fi àmì wíwó sí ilé náà tẹ́lẹ̀. Mo bẹ bàbá mi lórí fóònù pé kí ó jẹ́ kí a rí ẹnìkan tí yóò ka ti wa kí a tó pa á rẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí n lọ pe bíríkìlà àgbà kan wá ní Ọ̀tà, ẹni tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́ nísinsìnyí.

Bàbá náà kò mú irinṣẹ́ wá ju òòlù kékeré kan lọ àti okùn tí ó so irin mọ́ nídìí. Ó kí Ìyá àgbà tán, ó jókòó, ó mu omi, ó sì ń wo ògiri náà láti orí ìjókòó bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo àlejò tí kò tíì sọ ohun tí ó bá wá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń fi òòlù kan ara ògiri jẹ́jẹ́, ó ń tẹ́tí sí i. Níbì kan ó dún kì. Níbòmíràn ó dún bí ìlù. Ó ní, "Ibi tí ó ń dún bí ìlù yẹn, awọ ni ó ṣí kúrò lára ẹran. Kì í ṣe òun ni mo bá wá."

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Àwa tí a wà ní yunifásítì a máa kẹ́dùn pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún iṣẹ́ ọwọ́ ayé òde òní. Bàbá yìí kò lo ọ̀rọ̀ òyìnbó ju mẹ́ta mẹ́rin lọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ògiri a máa hunjọ, a máa sán, a máa là, a máa fì, a sì máa rì. Ọ̀kan kì í sì í ṣe èkejì. Bí ara ògiri bá hunjọ, tí ó rí wẹ́wẹ́ bí awọ ọwọ́ arúgbó, oòrùn ni ó gbẹ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí kí sìmẹ́ǹtì pọ̀ ju iyanrìn lọ nínú rẹ̀. Kò sí ewu níbẹ̀. Èyí tí a bá rí nínú ilé nìkan ni sísán. Èyí tí a bá rí nínú ilé, tí a tún lọ sí ìta tí a bá a ní ọ̀gangan ibi kan náà, lílà ni. Bí ògiri bá fì, okùn tí irin wà nídìí rẹ̀ ni yóò sọ. Bí ó bá rì, ilẹ̀ ni a ó bi léèrè. Mo kọ wọ́n sínú ìwé mi níbi tí ó yẹ kí n kọ orúkọ ohun èlò sí. N kò tíì rí ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ó tò wọ́n báyìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́.

A jáde sí ìta. Ó dúró níbi ìpàdé ilé méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni ó ti fẹ̀ jù?"

Mo ní, "Òkè ni, Bàbá."

"Bí òkè bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, etí ilé ni ó ń rì, ó ń dẹ̀yìn kúrò lára èkejì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó fẹ̀, àárín ni ìbá rì. Tiyín yìí, ilé kékeré ń kọ ilé ńlá sílẹ̀."

Ó sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀ láti òkè, a sì rí i pé ògiri ẹ̀yìn ti fì sẹ́yìn tó ìdajì ínṣì. Nígbà tí mo padà sí yunifásítì, mo wo ìwé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní BRE tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1981, tí ó pín ọ̀rọ̀ yìí sí ipò-ipò láti òdo dé 5. Èyí tí kò bá ju mìlímítà 1 lọ, ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Títí dé 5, a lè dí i, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ lè máa há díẹ̀díẹ̀. Láti 5 dé 15, bíríkìlà gbọ́dọ̀ là á kí ó tún un ṣe. Láti 15 dé 25, a ó wó apá kan a ó sì tún un mọ. Bí ó bá ju 25 lọ, ẹ̀rù wíwó ń bẹ níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 6 lára fèrèsé, ó sì jẹ́ 12 níbi ìpàdé ilé méjèèjì: ipò kẹta gan-an. Ohun tí Bàbá bíríkìlà sọ láìka ìwé ni pé, "Kò tíì kú, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sílẹ̀."

Ohun kan rú mi lójú. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé igun fèrèsé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí kò bẹ̀rẹ̀ láàárín ògiri tí ó tẹ́jú? Bàbá náà ní ẹrù orí ògiri ń ṣàn wá sílẹ̀ bí omi ni. Ibi tí a bá gbẹ́ ihò sí, ó gbọ́dọ̀ yà gba ẹ̀gbẹ́, ibi igun sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń fún ara wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju ilé wa lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti oṣù Igbe ọdún 1954, ọkọ̀ òfuurufú Comet méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run, wọ́n sì já sínú òkun nítòsí ilẹ̀ Ítálì. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú wọn ni ó kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àfọ́kù jọ, tí wọ́n sì ri ọkọ̀ mìíràn sínú omi láti fún un mọ́lẹ̀ léraléra, igun ihò tí wọ́n gé sí ara irin ni wọ́n ti bá ibi tí sísán ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn panẹ́bítà Ṣàngó náà mọ èyí láìlọ sí Ìtálì. Bí ara bọ́ọ̀sì bá sán láti igun fèrèsé, wọ́n a kọ́kọ́ lu ihò róbótó kan sí ìparí sísán náà kí ó má baà rìn síwájú mọ́, kí wọ́n tó jó irin mọ́ ọn.

Àwọn òyìnbó tún ní ilé kan tí wọ́n ń fà káàkiri lẹ́yìn ọkọ̀, ilé orí táyà tí ó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú. Òun náà a máa sán ní igun fèrèsé àti ní igun ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ni ín a ní ọ̀nà gbágungbàgun ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni ó ti gba orí òrùlé wọlé, tí ó ti jẹ àwọn igi inú ògiri ní ìjẹkújẹ, tàbí kí irin ìsàlẹ̀ tí ó gbé gbogbo ilé náà ti tẹ̀. Bí ó bá rẹ́ ojú sísán náà láìtún irin ìsàlẹ̀ ṣe, yóò tún sán nígbà tí ó bá tún rìnrìn àjò. Tìrélà ni wọ́n ń pe ilé yìí ní Amẹ́ríkà. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín púpọ̀: lọ́dọ̀ tiwọn, ògiri tìrélà ni ó ń sán, lọ́dọ̀ tiwa, tìrélà ni a ní ó ń sán ògiri.

Ǹjẹ́ òun ni ní tòótọ́? Bàbá bíríkìlà kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún sísán náà, ọ̀kan lápá òsì, kí n máa wọn àárín wọn ní oṣooṣù, kí n sì máa kọ ọjọ́ sí i. Ó tún fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì tínínrín kan mọ́ ògiri lókè, kí ó dábùú ẹnu náà: bí ilé bá mira, gíláàsì yóò ṣẹ́, kò sì sí bí a ti lè bá gíláàsì jiyàn. Bàbá mi gbà pé kí a fi ọ̀dún kan wò ó. Ó ní kí ayálégbé tuntun má wọlé. Owó yàrá náà ni a ti ń fojú sùn láti fi san owó ibùgbé mi ní yunifásítì. Nítorí náà, ní gbogbo sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, orí ẹní ni mo sùn nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi kan. Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, ní ti èyí tí ó wà lára fèrèsé. Oṣù Ṣẹ́rẹ́, mìlímítà 6. Oṣù Èrèlé, 6. Ẹrẹ́nà, 6. Igbe, 6. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí tìrélà kò fìgbà kan dúró. Eruku wọn ni ó tilẹ̀ bo ojú gíláàsì náà. Òjò wá dé. Ní ìparí oṣù Ẹ̀bìbí, gíláàsì ṣẹ́ láàárín òru. Oṣù Òkúdù, 7. Oṣù Agẹmọ, 9. Ní oṣù Ògún, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ó ṣì wà ní 9. Oṣù Ọ̀wàrà, lẹ́yìn òjò ìgbà kejì, 11. Oṣù Bélú, 11.

Mo kà á fún Bàbá Kékeré lórí ìjókòó. Bí ó bá ṣe pé tìrélà ni, kí ni ó dé tí ó fi sinmi láti Ṣẹ́rẹ́ dé Igbe? Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀. "Omi ni, àbí?" Òun ni ó sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Àwọn tí ó ti wádìí ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ó dá ilé tí ó dúró dáadáa là. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe ohunkóhun, ilé tí nǹkan mìíràn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó ń bá ṣe é. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí etí títì o.

Omi wo wá ni? Òrùlé ilé ńlá àti ti ilé kékeré dà sí ààrin kan náà, kò sì sí gọ́tà lábẹ́ wọn. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Mo wọn apá òrùlé tí ó ń da omi síbẹ̀, ó sún mọ́ 60. Nítorí náà òjò ńlá kan ṣoṣo, mìlímítà 50, yóò da lítà 3,000 sí ojú kan lẹ́bàá ìpìlẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ gba ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ bí agbada. Síbẹ̀, ilé ńlá kò rì. Omi kan náà ni ó ń mu ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó dé tí ọ̀kan fi rì ni kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa, àti Bàbá bíríkìlà pàápàá, títí di ọjọ́ tí ó mú ọmọṣẹ́ méjì wá láti gbẹ́ ilẹ̀ wò.

Ìyá àgbà ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí ni ẹ ń wá nínú ààtàn?"

Bàbá bíríkìlà dúró. "Ààtàn kẹ̀, Màmá?"

"Ààtàn ni ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iwájú. Mo wá kí ọmọ mi nígbà náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi kún inú yàrá, lẹ́yìn náà ni gbogbo àdúgbò wá ń da ilẹ̀ ilé wọn síbẹ̀. Ṣé ọkọ yín kò sọ fún yín ni?"

Ọmọ rẹ̀, èyíinì ni bàbá mi, ti gbàgbé pátápátá. Àwọn tí ó kọ́ ilé kékeré ní 2006 kò sì bi ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí ògiri ń halẹ̀ mọ́ yìí ni ó mọ ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní; àwa ọkùnrin ni kò sí ẹni tí ó bi í. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ìpìlẹ̀ parí. Lábẹ́ rẹ̀ ni eérú, àfọ́kù ìgò, ike àti ọ̀rá wà, gbogbo rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí wọ́n tó kan ilẹ̀ pupa tí ó le, irú èyí tí ilé ńlá dúró lé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n kọ́kọ́ fi igi gbé òrùlé dúró, wọ́n sì gbé Ìyá àgbà lọ sí yàrá iwájú. Gbígbé yẹn nìkan gba ọjọ́ mẹ́rin àti ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín abẹ́ ògiri sí abala-abala, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn: 1, 2, 3, lẹ́yìn náà 1, 2, 3. Gbogbo ibi tí a kọ 1 sí ni wọ́n gbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò fọwọ́ kan ibi tí a kọ 2 sí títí kọnkéré ti àkọ́kọ́ fi gbẹ. Ẹni tí ó bá gbẹ́ abẹ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, sàréè ara rẹ̀ ni ó ń gbẹ́. Nínú kòtò kọ̀ọ̀kan wọ́n lọ títí dé ilẹ̀ pupa, wọ́n da kọnkéré sí i, sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní ínṣì méjì sí abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́. Mo bi Bàbá léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kọnkéré a máa sún kì bí ó bá ń gbẹ. Bí a bá dà á kún ẹnu, ihò yóò wà láàárín rẹ̀ àti ẹrù tí ó yẹ kí ó gbé. Nígbà tí ó gbẹ tán ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn tí omi rẹ̀ kò pọ̀ há àlàfo náà, tí wọ́n ń fi igi gún un wọlé bí ẹni ń ki ìbọn.

Wọ́n so gọ́tà sí abẹ́ òrùlé méjèèjì, wọ́n sì da kọnkéré sí ilẹ̀ yí ilé ká, kí ó dagun síta kí omi lè ṣàn lọ. Gbogbo ènìyàn wá ń retí pé kí ó dí ògiri náà. Kò dí i. Ó lẹ gíláàsì tuntun mọ́ ọn, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí òjò ọdún kan kọjá ná.

Ẹ ò rí bí inú ṣe bí Bàbá Kékeré tó! Owó ti lọ tán, ẹnu ògiri ṣì là sílẹ̀ gbàgà. Àlejò tí ó bá dé a bi wá bóyá a kò rówó ra sìmẹ́ǹtì ni. Aláǹgbá wọ ibẹ̀ nítòótọ́, méjì, akọ kan àti abo kan, wọ́n sì ń gbé ìgbé ayé àlàáfíà níbẹ̀. Ìyá àgbà padà sí yàrá rẹ̀ ní oṣù Igbe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, n kò lè sùn dáadáa ní yunifásítì ní alẹ́ tí òjò bá ń rọ̀, mo a máa pè é ní òwúrọ̀, kí n tó sì kí i tán ni yóò ti sọ pé, "Gíláàsì rẹ kò tíì fọ́." Kò fọ́ ní Ẹ̀bìbí. Kò fọ́ ní Agẹmọ. Ìlà pẹ́ńsù kò kúrò ní 11 títí Ọ̀wàrà fi parí.

Oṣù Bélú tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni wọ́n wá rán an. Rírán ni ọ̀rọ̀ Bàbá bíríkìlà. Ó fọ líńtẹ̀lì orí fèrèsé yọ, èyíinì ni kọnkéré gígùn tí ó gbé ẹrù orí fèrèsé. Ínṣì mẹ́ta péré ni ó fi jókòó sórí ògiri lápá kọ̀ọ̀kan. Ó da òmíràn tí ó jókòó ní ínṣì mẹ́sàn-án. Ó họ sìmẹ́ǹtì àárín búlọ́ọ̀kù kúrò ní ẹsẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ kẹta, ó tẹ́ irin tínínrín tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ó ná ẹsẹ̀ bàtà méjì kọjá sísán náà lọ́tùn-ún lósì. Ó wọ́n omi sí i, ó sì fi sìmẹ́ǹtì 1 sí iyanrìn 3 dì í pa. Ṣùgbọ́n kò fi sìmẹ́ǹtì kan ibi ìpàdé ilé méjèèjì rárá. Ó ní ilé méjì tí ọjọ́ orí wọn fi ọdún 13 jura lọ, tí ìpìlẹ̀ wọn kò sì dọ́gba, yóò máa mira lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí ayé; bí a bá lẹ̀ wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ohun tí ó le, wọn yóò wá ibòmíràn là. Ohun tí ó rọ̀ bí rọ́bà ni ó kì sínú rẹ̀, ó sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, tí ó kàn ní ìṣó mọ́ ilé kan ṣoṣo nínú méjèèjì.

Yàrá kejì ti ní ayálégbé láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ni ó mú un lọ sẹ́yìn kí ó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi ibi tí a rán hàn án, tí ó sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ààtàn fún un bí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìbí. Sísán kékeré kan ṣẹ́kù nínú ilé ìdáná, kò tíì tó mìlímítà 1. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ìyá àgbà sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kùn ún.